Labradoodle nílé wa n'Ifẹ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àsìkò yìí. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí àwa àti Labradoodle kan ti ń gbé pọ̀ ní Párákìn níbí n'Ilé-Ifẹ̀, Òwú lorúkọ ẹ̀, nítorí ọjọ́ tó wọlé, irun orí ẹ̀ rí bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lóko. Látìgbà táwọn èèyàn ti ń rí i pẹ̀lú màmá mi níwájú ilé ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn kan ń pè, àwọn kan ń dá mi dúró lọ́jà, mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan kẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà á. Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko o. Ohun tí mo fojú rí àtohun tí mo kọ́ ni mò ń sọ.

Irú ajá wo tiẹ̀ ni Labradoodle yìí?

Àdàlù ni. Wọ́n mú Labrador, wọ́n mú Poodle, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gùn, ọmọ tí wọ́n bí ni Labradoodle. Àwọn ajá méjèèjì yìí, iṣẹ́ omi ni wọ́n ń ṣe láyé ọjọ́un. Àwọn apẹja ní Newfoundland ní Kánádà ló ní baba ńlá Labrador, ó máa ń bá wọn fa àwọ̀n, Poodle ní tiẹ̀, àwọn ọdẹ ní Jámánì ló ń rán an lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n yìnbọn fún látinú omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tójò bá ti dá ní Párákìn, tómi sì dúró sójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú Òwú ti bọ́ sínú ẹ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn máa ń ga tó 53 sí 63 sẹ̀ǹtímítà dé èjìká, ìwọ̀n ẹ̀ á wà láàárín 23 sí 30 kílò, ẹ ro ìdajì àpò sìmẹ́ńtì kan. Àwọn kéékèèké náà wà. Tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa ó lè lo ọdún 12 sí 14 láyé, ẹ fọkàn sí ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra ọmọ ajá fún ọmọ yín tó wà ní praímárì kẹta, torí ajá yẹn á ṣì wà nílé lọ́jọ́ tọ́mọ náà bá ń lọ sí yunifásítì.

Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé kí wọ́n da méjèèjì pọ̀?

Ìtàn yìí máa ń wù mí sọ. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Ọsirélíà, Wally Conron, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá tó ń fọ̀nà han afọ́jú ní Victoria ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, obìnrin afọ́jú kan láti Hawaii kọ̀wé sí wọn pé òun fẹ́ ajá, àmọ́ ara ọkọ òun ò gba irun ajá. Bàbá yìí kọ́kọ́ gbìyànjú Poodle, torí irun Poodle kì í re káàkiri bíi ti Labrador, ó gbìyànjú títí, kò rí èyí tó lè ṣiṣẹ́ náà. Ló bá fi Labrador àti Poodle bímọ. Mẹ́ta ni wọ́n bí. Wọ́n fi irun àti itọ́ wọn ránṣẹ́ sí Hawaii kí ọkọ obìnrin náà fi dán ara ẹ̀ wò, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ara ẹ̀ gbà. Sultan ni wọ́n sọ ọ́, òun ló lọ di ojú fún obìnrin yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan péré ló bára ọkọ obìnrin yẹn mu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo Labradoodle ló dáa fún ẹni tára ẹ̀ ò gba ajá, irọ́ ló ń pa.

Àwọn ọmọ ajá méjì tó kù, àwọn tó wà lórí ìlà tí wọ́n ń retí ajá ò fẹ́ gbà wọ́n, wọ́n ní àwọn ò gba àdàlù, ìgbà tí Conron wá pè é ní Labradoodle làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Lọ́dún 2019 bàbá náà sọ ọ́ síta pé ó ń dun òun pé òun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí àwọn tó ń sin ajá fún owó nìkan tẹ̀ lé e, wọn ò yẹ ìlera bàbá ajá wò, wọn ò yẹ ti ìyá wò. Mo nífẹ̀ẹ́ Òwú bí ẹ̀mí mi, síbẹ̀ mo mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá yẹn sọ.

Ọmọ mi ní asímà, ara ẹ̀ ò gba ajá. Ṣé kí n ra Labradoodle?

Ẹ má tíì rà á. Ohun tó ń múni sín tó sì ń mú ojú yún, inú itọ́ ajá ló wà, ó wà lára ìpẹ́pẹ́ awọ ara ẹ̀ náà, kì í ṣe irun nìkan. Lọ́dún 2012 àwọn onímọ̀ kan ní Netherlands wọn ohun tó ń fa alẹ́jì yìí lára oríṣiríṣi ajá àti nínú ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n fi Labradoodle àti Poodle sí i, wọn ò rí ẹ̀rí pé àwọn ajá tí wọ́n ń polówó fún alẹ́jì sàn lóòótọ́ ju àwọn yòókù lọ. Irun tí kì í re á jẹ́ kílẹ̀ yín mọ́ lóòótọ́, ìyẹn ò sọ ọ́ di oògùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ lọ jókòó ti ajá gan-an tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kejì, kọ́mọ náà fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì bá dókítà ọmọ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Báwo lẹ ṣe rí tiyín? Mo gbọ́ pé wọ́n kọ́kọ́ lù yín ní jìbìtì.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan tó ń polówó ọmọ ajá lórí fóònù ló ta ti àkọ́kọ́ fún wa, ó ní Labradoodle ni, àwòrán tó fi ránṣẹ́ rẹwà gan-an, a sanwó tán kí ọmọ ajá tó dé, nígbà tó máa fi pé oṣù mẹ́fà, a rí i pé Lhasa, ajá kékeré onírun gígùn, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ nǹkan míì ni, kò ga kọjá orúnkún ọmọ mi tó kéré jù. A ò lé e jáde o, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́, ọ̀dọ̀ àbúrò mi l'Ọ̀ṣogbo ló wà dòní, ara ẹ̀ le koko. Owó tá a pàdánù ni mo fi kọ́gbọ́n.

Nígbà tá a máa ra Òwú, èmi àti ọkọ mi wọkọ̀ lọ s'Ékòó, a ní a fẹ́ rí ìyá ajá lójúkojú. A fọwọ́ kàn án, a wò ó bóyá ó ń bínú sí àlejò, torí ìwà ìyá máa ń ràn ọmọ. A béèrè fọ́tò àti ìwé egungun ìbàdí ìyá àti bàbá, torí Labrador àti Poodle ńlá lè ní ìbàdí tí kò wọlé dáadáa, ọmọ wọn sì lè jogún ẹ̀, ajá ọdún mẹ́rin á wá máa rìn bí arúgbó. Ẹ béèrè nípa ojú náà, torí àìsàn ojú tó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú ìdílé méjèèjì. Ẹni tó bá ń bínú pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń béèrè, ẹ fi ajá ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ má sì gba ọmọ ajá tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, bó ti wù kó wuyì tó.

Àwọn kan á máa pe F1, F1B sí yín létí. F1 ni ọmọ Labrador sí Poodle tààrà. F1B ni ká tún mú F1 yẹn padà fún Poodle, irun ẹ̀ á túbọ̀ wé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń fi orúkọ ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì ò ka Labradoodle sí ẹ̀yà tó dá dúró, nítorí náà ẹni tó bá fi ìwé ẹ̀yà gbówó lérí, ẹ rọra.

Irun yẹn ńkọ́, ṣé wàhálà ẹ̀ pọ̀?

Ó pọ̀. Ibí ni màá ti sọ̀rọ̀ jù torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ajá yìí níkà láìmọ̀.

Irun tí kì í re kì í kúrò lára, àbí? Èyí tó bá kú á dúró sáàárín èyí tó wà láàyè, á lọ́ mọ́ra wọn, á takókó. Tójò bá pa á, tí wọn ò sì yà á kó tó gbẹ, á dì bíi fọ́ọ̀mù. Lọ́dún àkọ́kọ́, nínú òjò oṣù kẹsàn-án, màmá mi wà ní ọsibítù, mo wà lọ́hùn-ún tọ̀sán tòru, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ò sẹ́ni tó ya irun Òwú. Nígbà tí mo máa fọwọ́ bọ abẹ́ apá ẹ̀, ó ké. Irun ibẹ̀ ti dì mọ́ra, ó ń fa awọ ara, egbò ti wà lábẹ́ ẹ̀ tí ojú ò lè rí látòkè. Dókítà ẹranko ní kò sí ohun tí òòyà lè ṣe sí i mọ́, wọ́n fá gbogbo ẹ̀ dé awọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó rí tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, ó sì tún ń lá mi lọ́wọ́.

Báyìí, alaalẹ́ ni a máa ń yà á, bí iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má kàn fi búrọ́ọ̀ṣì gba ojú irun lásán, ẹ fọwọ́ kan ya á sọ́tọ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ dirun ọmọ, kẹ́ ẹ rí awọ orí, kẹ́ ẹ wá yà á láti ìdí bọ̀ sókè, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi òòyà irin gbà á kọjá. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá, ọrùn níbi tí kọ́là wà, àti itan, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ takókó. Tí òòyà bá há, ẹ fọwọ́ di ìdí irun mú kó má dùn ún. Ẹni tó ti dirun fún ọmọbìnrin rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a máa gé e. Bábà àdúgbò kan ló kọ́kọ́ bá wa gé e, klípà ẹ̀ gbóná ó jó o nínú, látìgbà yẹn la ti ra tiwa, ọmọ mi ọkùnrin ló ń gé e báyìí, ó máa ń dáwọ́ dúró láti fẹ̀yìn ọwọ́ kan abẹ irin bóyá ó ti gbóná. A máa ń gé e kúrú, nítorí ooru. Ẹ má wá fá a dé awọ tí kò bá pọn dandan, oòrùn á jó awọ ẹ̀.

Etí náà ńkọ́? Etí ẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ò wọbẹ̀, irun sì ń hù sínú ẹ̀. Tó bá wẹ̀ tán tàbí tó lúwẹ̀ẹ́ tán, ẹ nu inú ẹ̀ gbẹ. Tó bá ń mirí, tí etí ń rùn, ẹ má da òróró gbígbóná sí i bí àwọn kan ṣe ń ṣe fọ́mọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ooru ilẹ̀ wa ò ní pa á?

Ó lè pa á tẹ́ ẹ bá fojú kékeré wò ó. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n tó yọ síta tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara ẹ̀ lára. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń mú un jáde, tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé títì ọ̀dà, tẹ́ ẹ bá kà dé márùn-ún tẹ́ ẹ ò lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè fara dà á náà nìyẹn. Omi tútù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Tíná bá lọ, orí táìlì kọ̀rídọ̀ ló máa ń na ara sí. Ẹ má fi sínú mọ́tò tí wọ́n tì pa, kódà fún iṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kí ló ń jẹ?

Oúnjẹ ajá inú àpò, tí owó bá sì ṣe wá bí ó ti ń ṣe gbogbo èèyàn, a máa ń se ìrẹsì pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran àti kárọ́ọ̀tì, kò sí ata, kò sí iyọ̀, kò sí máàgì. Kò sí àlùbọ́sà rárá, àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìyẹn ni pé ọbẹ̀ tó ṣẹ́ kù kì í ṣe oúnjẹ ajá. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń là bí abẹ́rẹ́, ẹ má fún un. Gíréépù, ṣíńgọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, parasitámọ́ọ̀, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ jìnnà sí i.

Èyí tó kan àwa ará Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà jù ni kòkó. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ṣokoléètì máa ń pa ajá, àmọ́ wọ́n máa ń gbàgbé pé inú kòkó ni ṣokoléètì ti wá. Ọdún kejì tá a ní Òwú, a mú un dání lọ sí oko ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní apá Ìbòdì, wọ́n sá kòkó sórí tapólì, òórùn ẹ̀ ń ta sánsán, a kàn jókòó tá à ń jẹ iṣu, kí n tó wẹ̀yìn ó ti kẹ́nu bọ̀ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó ń bì, kò lè jókòó sójú kan, mo fọwọ́ lé àyà ẹ̀, ó ń lù bí ìlù bàtá. Dókítà ẹranko kan ní Iléṣà ló bá wa dìde ní òru, ó fa omi sí i lára, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹni tó bá ní ajá níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, ẹ so ó mọ́lẹ̀ lásìkò ìkórè, ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ èèpo kòkó.

Nǹkan míì, Labrador nífẹ̀ẹ́ oúnjẹ ju bó ti yẹ lọ. Lọ́dún 2016 àwọn onímọ̀ ní Cambridge rí i pé nǹkan kan wà nínú ìran ọ̀pọ̀ Labrador tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ti yó. Ọmọ wọn lè jogún ẹ̀. Nítorí náà tó bá ń fojú àánú wò yín bí ẹni tí kò jẹun látàná, ẹ wo aago, ẹ má wo ojú ẹ̀.

Àìsàn àti abẹ́rẹ́?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gún títí á fi pé bí oṣù mẹ́rin. Parvo, àrùn inú tó máa ń ran ajá, ló ń pa ọmọ ajá jù nílẹ̀ wa, èébì àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹ má fi àgbo dán an wò, ọjọ́ méjì ti tó láti pa á.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọdọọdún. Èmi ò lè fi èyí ṣeré. Tí ajá èyíkéyìí bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún iṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, torí tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ni náà tó là á já.

Eégbọn máa ń sá pamọ́ sínú irun wíwé yẹn, ẹ máa fi ìka wá a, ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀. Tí ajá ò bá jẹun mọ́, tí èrìgì ẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n, àìsàn eégbọn lè ti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹrosín tàbí ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kun ajá lára, májèlé ni, ó sì ń lá ara ẹ̀. Ọ̀tapíapíà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún eku náà ńkọ́? Ajá á jẹ eku yẹn.

Ṣé ó lè ṣọ́lé?

Á gbó. Tí olè bá wọlé á fi ìrù kí i. Tó bá jẹ́ ajá tó máa lé olè lẹ ń wá, ẹ wá nǹkan míì.

Kí làwọn aládùúgbò sọ? Ìdílé ńkọ́?

Ẹ rántí ibi tá a wà. Ilé-Ifẹ̀ nibí, Ògún ló ni ajá, nígbà Ọlọ́jọ́ gbogbo èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Òkè Mògún. Àwọn bàbá kan nínú ẹbí ọkọ mi, bí wọ́n bá rí Òwú wọ́n á ní "ẹran Ògún rè é". Èmi kì í bá wọn jà, ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, mo kàn máa ń sọ pé eléyìí níṣẹ́ tó ń ṣe nílé wa. Bàbá kan nínú wọn tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí, nígbà tó wá kí màmá mi, tó rí ohun tí ajá yìí ń ṣe, ó dákẹ́, ó ní "ajá yìí mà ní orí ire o".

Alhaja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, itọ́ ajá lòun ń sá fún nítorí àlùwàlá, mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, nítorí náà Òwú kì í rékọjá géètì láìsí okùn lọ́rùn, a sì máa ń mú un wọlé nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àárín wa dùn. Ẹni tó bá bẹ̀rù ajá, ẹ má sọ fún un pé "kì í gé èèyàn jẹ". Ẹ mú ajá yín dání.

Orúkọ ńkọ́? Ẹ má fi orúkọ èèyàn sọ ajá nílẹ̀ wa, ìjà ló ń dá. Lọ́dún 2016 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan torí orúkọ tó kọ sára ajá ẹ̀.

Wọ́n ní ajá yín ń ṣe "therapy". Kí nìyẹn? Ṣé kì í ṣe ajá afọ́jú?

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ajá tó ń fọ̀nà han afọ́jú, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ajá therapy ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lọ pẹ̀lú olówó ẹ̀, ọ̀dọ̀ aláìsàn, arúgbó, ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ síta ni Boris Levinson, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé ní New York láwọn ọdún 1960, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nígbà tí ajá òun, Jingles, bá wà nínú yàrá. Lọ́dún 1999, ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí àwọn ọmọdé ti ń ka ìwé sí ajá létí. Ọmọ tó ń kólòlò, tójú ń tì níwájú tíṣà, ajá kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Òwú ò ní sáàtífíkéètì kankan. Inú ilé wa àti ilé àwọn tó mọ̀ wá ló ti ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ sọ ti màmá yín fún wa.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu màmá mi, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra. Nígbà tá a mú wọn délé látọsibítù, àwọn físíò ní kí wọ́n máa fọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n nà án, kí wọ́n ká a. Màmá kọ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fún ní bọ́ọ̀lù. Wọ́n á kọjú sí ògiri, wọn ò ní sọ̀rọ̀ di alẹ́, ìyá tó ń tajà láti Lágere dé Ọjà Titun tí ohùn wọn ń dún ju gbogbo obìnrin lọ.

Mo kàn ń ya irun Òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn lálẹ́ ọjọ́ kan ni, mo fẹ́ gba ìpè, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbìyànjú láti fà á. Ajá yẹn dúró gbọin. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ irun yà, o ti fi èyí tó takókó sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí wọ́n sọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Nígbà tí mo sọ fún físíò, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó fi irun Òwú ṣe iṣẹ́: kí wọ́n di búrọ́ọ̀ṣì mú fúnra wọn, kí wọ́n nà dé ìrù, kí wọ́n padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n di okùn ẹ̀ mú, wọ́n rìn dé géètì, èmi lápá kan, Òwú lápá kejì, kì í fà, kì í sáré. Kẹ́ ẹ má bàa ṣì mí gbọ́: ajá ò wo rọpárọsẹ̀ sàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà, físíò, ìwọ̀nyẹn ló ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ò sì tíì padà bíi tàtijọ́. Ohun tí Òwú ṣe ni pé ó jẹ́ kó wù wọ́n láti ṣe iṣẹ́ tí físíò ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n rí ẹnì kan tó nílò wọn, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti sọ wọ́n di ẹni tá à ń wẹ̀ tá à ń fún lóúnjẹ.

Mo ní ọmọ tó ní ọ́tísìm. Ṣé á ràn án lọ́wọ́?

Ó lè ràn án lọ́wọ́, ó sì lè dá kún un. Ọmọ kan wà tó máa ń wá sílé wa, ariwo máa ń dùn ún létí, kì í wojú èèyàn. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni kò sún mọ́ Òwú rárá, a ò fipá mú un, a jẹ́ kó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kó máa wò ó. Lọ́jọ́ kan ó sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ìka lọ́ irun etí ẹ̀, ó ṣe é bí wákàtí kan. Ọmọ míì wà tí gbígbó kan ṣoṣo bà lẹ́rù, kò sì fẹ́ dé ilé wa mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá ajá ẹlòmíì ṣeré kẹ́ ẹ tó rà, kẹ́ ẹ má sì fi ọmọ àti ajá nìkan sílẹ̀ láìsí àgbà níbẹ̀. Òfin yìí kan gbogbo ọmọdé, gbogbo ajá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ajá mi lè ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Ẹ wò ó tí àwo bá jábọ́, tí ọ̀kadà bá kọjá, tí arúgbó bá fọwọ́ líle dì í mú. Tó bá ta gìrì ṣùgbọ́n tó tètè balẹ̀, ó dáa. Èyí tó bá ń sá sábẹ́ àga tàbí tó ń kùn, ẹ má fipá mú un, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe gbogbo Labradoodle ló ní sùúrù, àwọn kan máa ń fò mọ́ni lára títí wọ́n á fi pé ọdún méjì. Ẹ kọ́ ọ ní "jókòó", "dúró", "fi sílẹ̀", kẹ́ ẹ máa fún un ní nǹkan díẹ̀ tó bá ṣe é, ẹ má nà án. Ajá tí wọ́n ń nà á máa bẹ̀rù ọwọ́, ọwọ́ gan-an sì ni aláìsàn máa fi kàn án.

Ẹ kíyè sí i pé ajá náà máa ń rẹ̀ ẹ́. Tó bá ń yán léraléra, tó ń lá ẹnu, tó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ pé ó ti tó. Òwú kì í lò ju wákàtí kan lọ lọ́dọ̀ àlejò, lẹ́yìn náà á lọ sùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí i.

Ṣé mo lè mú un lọ sí wọ́ọ̀dù kí aláìsàn mi?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn alákòóso, ẹ má yọ́ ọ wọlé. Egbò wà níbẹ̀, àwọn tí ara wọn ò lágbára wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá ni.

Mi ò lówó Labradoodle. Ṣé ajá ìgboro lásán lè ṣe é?

Ó lè ṣe é! Irun wíwé kọ́ ló ń tuni nínú. Ajá ilẹ̀ wa gbọ́n, ooru ò mú un tó bẹ́ẹ̀, irun ẹ̀ kúrú, iṣẹ́ ẹ̀ ò pọ̀. Ẹ gbà á ní kékeré, ẹ gún un lábẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó mọ èèyàn, kó mọ ariwo ọjà, kó mọ ọmọdé, kó tó pé oṣù mẹ́rin. Àbúrò mi obìnrin ní ọ̀kan tí wọ́n rí nínú kòtò l'Ọ̀ṣogbo, ó dúró ti ọkọ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ta ni kò yẹ kó ra Labradoodle?

Ẹni tó ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó ń wọlé ní mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sì sẹ́nìkan nílé. Ajá yìí kì í lè dá wà, á jẹ bàtà, á gbẹ́lẹ̀, á máa ké. Ó ń fẹ́ eré tó tó wákàtí kan lójúmọ́. Ẹni tó fẹ́ so ajá mọ́ ìdí igi lẹ́yìnkùlé náà, kó má rà á.

Tẹ́ ẹ bá rìnrìn-àjò, ta ló ń tọ́jú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Iléṣà, ilé wọn wà ní Ìsọ̀kùn, bọ̀dá yẹn ló ní oko kòkó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Látọjọ́ yẹn wọ́n ti ṣe ọgbà kékeré fún un, jìnnà sí ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí. A máa ń kó oúnjẹ ẹ̀, òòyà ẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà dókítà, àti aṣọ àtijọ́ màmá kan tó máa ń sùn lé lórí. Màmá sì máa ń pe bọ̀dá lórí fóònù ní aago méje alẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n gbé fóònù sí Òwú létí, wọ́n á béèrè pé ṣé wọ́n ti ya irun ẹ̀, wọn kì í sùn títí bọ̀dá á fi dáhùn pé àwọn ti yà á.